Kí O Tó Tan Jíìpù Bàbá Rẹ

Ikosi, Ketu.
Ọjọ́rú, ní òwúrọ̀.

Dáre, Àkànní ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè bí Abẹ́òkúta ṣe gbà ọ́, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kà ná: má tan jíìpù bàbá rẹ. Má gbé e kúrò lójú kan, ì báà ṣe láti ẹnu géètì dé ẹ̀bá títì. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi nígbà tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, bínú, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni kí o dúró sí bínú, má ṣe wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ó dáa. Mo kí ọ báyìí. Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn pé wọ́n fi ọ́ ṣe olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, gbogbo Ikosi ni ì bá ti gbọ́. Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ wá gbé jíìpù náà ní Sátidé. O fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn fojú ara wọn rí ọkọ̀ tó ti lọ sójú ogun, tó sì kú, tí ọwọ́ bàbá rẹ sì jí i dìde. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, tí mo ní ọkàn mi kò balẹ̀ sí bíréèkì rẹ̀, ohun tí o fi dá mi lóhùn ni pé, "Mummy, ṣé Múká náà ló tún ṣe é ni?" O sì rẹ́rìn-ín. Mo ní káàdì mi ti fẹ́ tán. Kò tíì fẹ́ tán, Dáre.

Mo mọ ara mi. Bí mo bá tún gbọ́ ohùn rẹ, n ó tún dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Sister Bísí ìjọ wa ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó sì jókòó tì ọ́ títí o ó fi kà á dé ìparí.

Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin lo wà nígbà tí wọ́n fi tírélà gbé jíìpù náà dé, o kò rí i bó ṣe rí gan-an. Koríko ti hù lórí ìjókòó rẹ̀. Alángbá ń gbé inú ẹ́ńjìnì. Bàbá Lándíọ̀dù jáde síta pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó wò ó yíká, ó ní, "Baba Dáre, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ gbógun tì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ìyàwó mi lọ sílé àwọn òbí rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní, "Ọkọ̀ yìí ti ja tirẹ̀ tán, Bàbá. Ó wá sinmi ni."

O mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni pé irú jíìpù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ sójà, pé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi ń kó. Nígbà tí wọ́n rí èyí níbi tí àwọn sójà ti ń ta àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì, wọn kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ọdún méjì gbáko ni àwọn àti Múká tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ mẹkáníìkì fi tún un ṣe. Wọ́n fi abẹ́ fá ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọ̀dà búlúù, lẹ́yìn rẹ̀ funfun, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ewé ti àwọn sójà, títí nọ́ńbà àtijọ́ fi yọjú. Èmi ni mo rán tapólì orí rẹ̀ àti ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì mi tó ṣẹ́ lórí tapólì yẹn kò níye.

Ihò ọta méjì wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Páníbítà tó wá bá wọn nà án ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Bàbá rẹ wò ó, wọ́n ní, "Bí o bá dí i, ọkọ̀ wo wá lo tún ṣe?" Wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. N kò bá wọn jiyàn, torí mo ti jìyà irú rẹ̀ rí. Ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo rí ẹ̀wù sójà wọn kan tó ti ya ní èjìká, ẹnìkan ti fi òwú dúdú gán an ràkàràkà. Èmi tí mo ń pe ara mi ní aránṣọ, mo tú òwú yẹn, mo tún un rán kó lè dùn ún wò. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó gán an fún wọn kò bá wọn padà bọ̀ láti ojú ogun. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kí a tó tún ohun àtijọ́ ṣe, ká béèrè èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìtàn rẹ̀. Sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé ihò ara páànù kì í pa èèyàn. Ohun tí a kò rí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń pani.

Mo ti ń sá fún un, àbí? Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ikú bàbá rẹ, ọyẹ́ ń mú, eruku bo gbogbo nǹkan. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ṣe sójà fẹ́ pàdé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ sì ti búra fún wọn pé jíìpù ni àwọn máa gbé wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo ní kí n bá wọn nu orí pẹpẹ tí wọ́n ń kó nǹkan iṣẹ́ sí. O rántí pẹpẹ yẹn. O rántí pé inú ìgò ọtí àtijọ́ ni wọ́n máa ń rọ epo sí, irú ìgò kan náà fún epo bíréèkì àti epo ẹ́ńjìnì. Wọn kì í kọ nǹkan kan sí i lára. Àjákù awọ ìjókòó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi: pupa lọ́rùn ìgò bíréèkì, dúdú lọ́rùn ìgò ẹ́ńjìnì. Àwọn awọ náà ti gan, wọ́n ti dọ̀tí. Mo tú wọn dànù. Mo nu ìgò méjèèjì títí wọ́n fi ń dán, mo gé awọ tuntun, mo so wọ́n sí wọn lọ́rùn bí ẹni ń múra fún ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Epo tuntun ló wà nínú méjèèjì lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀ wọn sì jọra. Mo pààrọ̀ wọn, Dáre. Ìgò epo ẹ́ńjìnì ni mo so awọ pupa mọ́.

Ṣé o rí Múká, ó ti to rọ́bà tuntun sínú bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà. Ó kù kí wọ́n rọ epo sí i, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tí ìrun Jímọ̀ tó, ó fọ ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Agolo epo bíréèkì kan wà nílé mi tí mi ò tíì ṣí. Bí mo bá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, màá yà mú un."

Bàbá rẹ ní, "Lọ kírun rẹ, àlùfáà."

Kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi pè mí nídìí máṣíìnì. "Mummy Dáre, wá bá mi tẹ bíréèkì."

Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní dúró de Múká ni?"

"Ta ló kọ́ Múká níṣẹ́?"

Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo jókòó síbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí. Bí wọ́n bá ní "Tẹ̀ ẹ́!" mo tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní "Dì í mú!" mo dì í mú. Nígbà tó yá, wọ́n kígbe láti ìsàlẹ̀ pé kí n rọ epo sí i.

"Èwo?"

"Pupa, obìnrin yìí! Láti ìgbà wo lo ti ń gbé inú ilé yìí?"

Mo rọ pupa sí i, mo tún ń tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ti dí bàbá rẹ nímú, wọn kò gbóòórùn nǹkan kan. Nígbà tí Múká fi máa dé pẹ̀lú agolo rẹ̀, wọ́n ti ń nu ọwọ́. Wọ́n ní, "O pẹ́ jù. Ó ti parí." Múká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò burú. Ohun tó ń bẹ̀ wọ́n nítorí rẹ̀ ni bíréèkì ọwọ́, torí wáyà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wẹ́dà. Ó ní kí wọ́n dúró kí ìyẹn dé. Bàbá rẹ ní ìpàdé kò ní dúró de wáyà.

Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, ní ìdagẹ̀rẹ̀ Ogudu, wọ́n tẹ bíréèkì, kò sí. Èèyàn pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níwájú wọn, wọ́n yí ọkọ̀ sí ògiri. Ọkọ̀ náà kò bàjẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n sítíárì lù wọ́n láyà. Ní hòsípítù, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀ ni pé, "Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi." Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ.

Nígbà ìsìnkú, Múká wá láti bá àwọn ọkùnrin gbé pósí. O di ọwọ́ rẹ̀ mú. O ní, "Ìwọ! Má fọwọ́ kan bàbá mi. Bíréèkì tí o ṣe ló pa wọ́n." Bọ̀ọ̀dá Múká tí o ti ń kí pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ láti ìgbà tí o wà ní praimárì, o pè é ní "ìwọ" lójú gbogbo ìjọ. N kò dá ọ lẹ́bi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà nínú pósí kì í wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó bọ́ lulẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fọ́ sí orí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Múká kò wo ojú rẹ. Ojú mi ló wò. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ni òun wà. Mo gbé ojú sílẹ̀, mo ń tún ìró mi ró.

N kò tíì mọ̀ nípa ìgò nígbà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi àti bàbá rẹ la parí bíréèkì yẹn. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní Múká kọ́, wọn yóò béèrè pé ta ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà náà, mo sì ń wò ó títí tó fi wọ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Múká wá sílé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun tú ẹsẹ̀ kan wò lára jíìpù náà. Ó tú u, ó yọ rọ́bà inú rẹ̀, ó gbé e wá bá mi nínú ọ̀rá. Rọ́bà tó yẹ kó le, kó sì ṣe rẹ́gí, ti wú, ó rọ̀ bí ẹ̀wà tó sun omi mọ́jú.

"Mummy Dáre, epo bíréèkì kì í ṣe rọ́bà báyìí. Epo ẹ́ńjìnì ló wọ inú ẹ̀. Tó bá ti kàn án, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un. Ẹ jọ̀ọ́ ma, inú ìgò wo lẹ ti rọ ọ́?"

Mo gbójú sókè wo pẹpẹ. Mo rí awọ pupa, mo rí awọ dúdú, tuntun méjèèjì. Mo rántí. Ohun tí mo sì la ẹnu sọ ni pé, "Múká, jẹ́ kí òkú sùn."

Ó di ẹnu ọ̀rá náà. Ó ní, "Ó dáa, ma." Ó lọ.

Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tí wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ pa ọ̀gá rẹ̀? Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ó ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ní Ikosi níbí. Agboyi ló wà báyìí, létí odò, ó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn apẹja àti àwọn tó ń wa iyanrìn. Èmi náà kò fọwọ́ kan pẹpẹ yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ní ìbànújẹ́ ni. Ẹ̀rù ni.

Kí o má rò pé ọjọ́ orí tàbí ipò opó ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lára mi tipẹ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, mo gé awọ oníbàárà kan láyìídà. Ìyá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ béèrè ẹni tó gé e. Mo tẹ orí ba, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n dá ọmọ kan tó ń jẹ́ Rísí lẹ́bi, wọ́n sì lé e lọ sílé. Ó fún mi ní iyán jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Mo ti wá a títí, n kò rí i mọ́. Bí mo bá ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ awọ nígbà náà, bóyá ẹnu mi ì bá ti mọ ọ̀nà nígbà tí ọ̀rọ̀ ikú dé. Nítorí náà, ọkọ mi, àṣìṣe kékeré ni kí o ti kọ́ ẹnu rẹ ní "èmi ni mo ṣe é." Bí o bá dúró de ńlá, kò ní jáde.

Bí ọmọ kan bá sì wá bá ọ nínú ṣọ́ọ̀bù ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, tó ní, "Ọ̀gá, mo ti ba nǹkan jẹ́," má gbá a létí o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ yá bíi ti bàbá rẹ. Kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ jọ lọ wo ohun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, o lè bá a wí. Ọmọ tí o bá gbá létí lónìí, ọ̀la ló máa tún epo rọ̀ síbi tí kò yẹ, tí kò sì ní sọ fún ọ.

Kí o kọ orúkọ sí gbogbo ìgò. Kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹni tí kò mọ̀wé, ya àwòrán rẹ̀ fún un. Àmì tí ọkọ àti ìyàwó nìkan mọ̀ kò yẹ kó wà níbi iṣẹ́.

Má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé máa lé ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí Múká bá ní kí o dúró de wáyà, dúró de wáyà.

Mo wá dé orí ohun tó mú mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ajé, Sùnkànmí, mẹkáníìkì tí o rán wá láti Mile 12, dé pẹ̀lú bátìrì. Ó tan ẹ́ńjìnì náà, ó wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó jí. Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Mo sunkún nídìí máṣíìnì mi, torí bí ó ṣe máa ń dún nígbà tí bàbá rẹ wà nídìí rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló dún. Sùnkànmí fi rọ́bà tuntun sí ẹsẹ̀ kan tí Múká tú, ó ní mẹ́ta yòókù ṣì dára. Nígbà tí n ó fi nu ojú jáde, ó ti gun àga, ó ti gbé ìgò awọ pupa sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó ń rọ ọ́ sínú bíréèkì.

"Níbo lo ti mú ìyẹn?"

"Orí pẹpẹ Baba ni, Mummy. Baba ṣètò gan-an o! Wọ́n ti mark ẹ̀ ní red."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ah, Mummy! Bíréèkì yìí á dá tírélà dúró. Ẹ lọ sinmi jàre."

Ó yẹ kí n pariwo. Mo ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ tí Múká fi jáde nílé mi ni mo fi dá a lóhùn. Nígbà tó lọ ni mo pè ọ́, o sì mọ bí ìyẹn ṣe parí. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo rí i pé epo kan náà, láti inú ìgò kan náà, ti wà nínú ọkọ̀ kan náà, ọmọ mi sì ń bọ̀ wá wà á gba ọ̀nà márosẹ̀. Mo ti sin ọkọ. N kò ní agbára àti sin ọmọ nítorí pé ojú ń tì mí.

Lánàá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agboyi. Múká wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó tú ẹ́ńjìnì kan kalẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde dúró. "Mummy Dáre? Ta ló kú?"

Mo ní, "Kí ẹnikẹ́ni má baà kú ni mo ṣe wá."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Àwọn apẹja ń wò wá. Kò ní kí n dìde.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Ọdún mẹ́ta, ma! Mo máa ń jókòó, màá máa to rọ́bà yẹn lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé èwo ni mo ṣì tò. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀!"

Ó ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ sí etí omi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Orókún ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò dìde. Nígbà tó yíjú padà, kì í ṣe ohun tí mo rò ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní, "Kí ló wà nínú bíréèkì ẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ìgò yẹn náà. Lọ́jọ́ Ajé."

"Súbúháànálláì! Dáre ti wà á?"

"Sátidé ló ń bọ̀."

Ó kó sípánà rẹ̀ sínú àpò. Ó bá mi padà sí Ikosi. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ rótọ̀ inú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì kò lè jí láìsí rẹ̀, ó fi í sápò. Ó ní epo náà ti kan gbogbo rọ́bà ibẹ̀, pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa yọ, títí kan tuntun tí Sùnkànmí fi sí i, kí wọ́n sì fi spírítì fọ gbogbo páìpù rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó lè bá wa ṣe é. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan bíréèkì yẹn àyàfi bí ìwọ fúnra rẹ bá wà níbẹ̀, tí o ń wo ọwọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo mọ̀ pé o mọṣẹ́. Rótọ̀ mìíràn wà ní ọjà Ládípọ̀, o sì lè rí i rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbẹ́kẹ̀ lé rótọ̀, tí mo fi kọ gbogbo èyí.

Nítorí náà, bí o bá dé ní Sátidé, má yà sí Ikosi. Agboyi ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ìwọ àti Bọ̀ọ̀dá Múká máa bá ara yín sọ, n kò lè kọ ọ́ fún ọ. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí o ṣe. Ó ní òun ò fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti bú òun ni kí wọ́n ti tú òun sílẹ̀. Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí, kì í ṣe ìwọ. Mo ti lọ bá Pásítọ̀ láàárọ̀ yìí. Ní Sunday, nígbà tí wọ́n bá pe àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, n ó dìde, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó wà níbi ìsìnkú náà. Múká ní òun yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún mẹ́ta ni tèmi lọ, ó sì ti rẹ̀ mí.

Bí o kò bá lè pè mí ní Mummy fún ìgbà díẹ̀, n ó fara dà á. Ìwọ ṣáà wà láàyè.

Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ rọ́bà wọ̀nyẹn tán, tí wáyà bíréèkì ọwọ́ sì wà níbẹ̀, tí Múká bá ní ó yá, ẹ ó gbé e lọ sí ìdagẹ̀rẹ̀ kan láti dán an wò. Ì báà ṣe ìwọ ló wà á, ì báà ṣe Múká, kò kàn mí. Èmi ni n ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Ẹ má bẹ̀ mí kí n sọ̀kalẹ̀.

Ọlọ́run yóò pa ẹsẹ̀ rẹ mọ́.

Ìyá tó bí ọ,
Mummy.